Fóòmù Inú Oòrùn

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

Mo ti na ọwọ́ sókè, kò ṣeé fà wálẹ̀ mọ́. Níbi ìpàdé àdúgbò lánàá ni Onídìrí ti dìde, tó ní àwọn agbálẹ̀ ọsibítù ìjọba ti kó ẹrù wọn lọ, pé ìjọba àti ilé-iṣẹ́ tó gbà wọ́n ti tú ká, kò sẹ́ni tó ń fọ ilẹ̀ níbẹ̀ mọ́, àwọn dókítà sì ti ti yàrá iṣẹ́ abẹ pa nítorí ìdọ̀tí. Ó ní ta ló máa bá òun lọ fọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n ní aláàánú èèyàn ni Ìyá Alágbàfọ̀.

Àánú wo. Àbúrò mi ló wà ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin, tí àìsàn ṣúgà ti sọ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ di dúdú láti ọmọ-ìka dé ọrùn ẹsẹ̀. Dókítà fẹ́ gé e lábẹ́ orúnkún kó tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò mi ní òun ò gé nǹkan kan. Dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù ni, ẹsẹ̀ yẹn ló fi ń tẹná, òun náà ló fi ń tẹ bíréèkì. Ká tilẹ̀ ní ó gbà lọ́la, yàrá tí wọ́n ti máa gé e wà ní títì. Ìṣòro méjì ló wà nílẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni mo lè fi ọṣẹ fọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ojú mi ti rí nǹkan nínú iṣẹ́ ìfọṣọ. Mo ti fọ aṣọ apẹran, mo ti fọ aṣọ mẹkáníìkì, mo ti fọ aṣọ ìyàwó tí ọkọ ìyàwó bì sí. Mi ò rí irú ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ọkùnrin yìí rí. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀, bàtà á kọ́kọ́ rò ó wò kó tó tẹ̀ lé mi. Fèrèsé kò ṣí, ọ̀dà tí wọ́n kùn ún ló lẹ̀ ẹ́ pa. Òórùn ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bì mí ṣubú lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n ní ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́ ló fà á. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́. Ó ti tó ọdún kan tí ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, ilẹ̀ sì ń mọ́ nígbà tí àwọn agbálẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnu géètì la ti ń pọn omi. Onídìrí ń pọn, Káfíńtà àdúgbò wa ń gbé, èmi àti àwọn obìnrin méjì kan ń fọ̀.

Àbúrò mi rí mi lórí ìkúnlẹ̀, ojú tì í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ wá ń fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe níbí?"

"Mo ń fọ ibi tí o ń sùn."

"Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa o. Nọ́ọ̀sì á dé, á máa di imú, á ní ẹsẹ̀ mi ló ń rùn. Wọ́ọ̀dù wọn ló ń rùn. Ẹsẹ̀ tèmi ò ṣe nǹkan kan."

Baba kan wà ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tirẹ̀, Baba Aláago ni wọ́n ń pè é torí pé aago ló ń tún ṣe kí àìsàn tó dá a dúró. Rọ́bà ni ìtọ̀ rẹ̀ ń gbà jáde bọ́ sínú àpò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òun ló pẹ́ jù ní wọ́ọ̀dù, òun ló sì ń pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Ìyá, aáyán kan wà lábẹ́ ibí yìí tó ti ń bá mi gbé. Ẹ bá mi kí i kí ẹ tó pa á." Mo bá a kí i.

Ọjọ́bọ̀, 6

Òjò láti àárọ̀. Ọwọ́ mi ti ń bó. Ọṣẹ tún ti gbówó lórí, mo bá ẹni tó ń tà á jà, ó ní kí n máa fi iyanrìn fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Dókítà wá lónìí. Ọmọbìnrin kékeré ni, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ẹni tó bá ń bá sọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ àbúrò mi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó ń bi í pé ṣé ó ń dùn ún. Ibi tí kò dùn ún ló ń ba dókítà lọ́kàn jẹ́. Ó ní ibi tí kò tíì kú ṣì wà lábẹ́ orúnkún tí òun lè gé e sí, àmọ́ kì í ṣe títí ayé.

Nígbà tó lọ, àbúrò mi ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

Baba Aláago ti ń sùn, àbí a rò pé ó ń sùn. Ó lajú. "Dírẹ́bà, orí lo wí yẹn. Orí kan péré lèèyàn ní. Ẹsẹ̀ méjì lo gbé wá síbí."

Wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín. Baba wá sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀.

"Gbọ́ mi. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí yàrá yẹn, èmi ni mo máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Wọ́n á la abẹ́ ìdodo mi, wọ́n á yọ ohun tó dí ọ̀nà ìtọ̀. Tó o bá ti rí i pé mo padà wá, tí mo tún ń sọ̀sọkúsọ, ìwọ náà á lọ."

"Tí ẹ ò bá wá padà wá ńkọ́, Baba?"

"A jẹ́ pé ìwọ lo borí. Wàá mú ẹsẹ̀ rẹ lọ sílé."

Àbúrò mi wo òkè àjà títí. Ó ní, "Mo gbọ́." Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé "mo gbọ́" rẹ̀ kì í jáde lásán. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, mo sunkún ayọ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn náà mo fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

A ti dé yàrá iṣẹ́ abẹ. A fọ ògiri láti òkè wálẹ̀, a fọ tábìlì, a fọ ìdí iná tó kọ́ sókè. Káfíńtà gun àkàbà, ó ní tí òun bá já bọ́ ó kéré tán ibi tó yẹ ni òun máa já bọ́ sí. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì dé, ó fi òwú funfun ra gbogbo igun, ó gbé e wá síwájú ojú mi. Òwú náà ti pọ́n. A tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Inú bí mi sí i. Ohun tí èmi náà máa ṣe nìyẹn bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ibà mú àbúrò mi. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọbẹ̀ wá, ó jókòó ti ọbẹ̀ náà títí ó fi tutù. Ó fà mí sápá kan, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ lè bá a sọ ọ́, mà. Tí mo bá sọ ọ́, á ní mo ti fẹ́ sọ òun di arọ." Mo ní kó fi ọkàn balẹ̀, pé ọkọ rẹ̀ àti Baba Aláago ti jọ ṣe àdéhùn, kò ní yẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbà á, bí ẹni pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Òwú funfun jáde ní funfun. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ò yìn wá, àmọ́ ó gbé òwú náà sínú àpò rẹ̀. Dókítà ní òun máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Baba Aláago ni àkọ́kọ́. Àbúrò mi ló tẹ̀ lé e. Onídìrí jó yí bọ́kẹ́ẹ̀tì ká.

Ọjọ́ Ajé, 17

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Oòrùn yọ. Ó ti pẹ́ tá a ti rí i kẹ́yìn. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rò ó pé bí Baba bá ti yàrá iṣẹ́ abẹ bọ̀ lọ́la, orí ohun tó mọ́ ló yẹ kó padà sùn sí. Fóòmù rẹ̀ ló burú jù ní gbogbo wọ́ọ̀dù, àpò ìtọ̀ ti jò sí i lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí wọ́n tì í lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò inú ara, mo ní àyè ti yọ. Mo ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Mo pe Káfíńtà, a gbé fóòmù jáde, a fi ti ògiri níta kí oòrùn lè pa á. Mo da oògùn apakòkòrò sínú omi, mo fọ irin bẹ́ẹ̀dì láti ìrọ̀rí dé ìsàlẹ̀. Mo tilẹ̀ ń kọrin jẹ́jẹ́.

Nígbà tí mo gbójú sókè, wọ́ọ̀dù ti pa lọ́lọ́. Ọkùnrin kan lódìkejì ti di ọwọ́ pọ̀, ó ń gbàdúrà. Àbúrò mi ti fi aṣọ bo orí. Mo bi í pé ṣé òtútù ń mú un ni, ó túbọ̀ fa aṣọ náà mọ́ra. Mo rò pé ooru ọ̀sán ló mú wọn. Mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Ìgbà náà ni wọ́n ti Baba wọlé lórí àga onítáyà. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó kí i. Ó wo irin bẹ́ẹ̀dì, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ó wo àwọn tó wà lápá ọ̀tún, ó wo àwọn tó wà lápá òsì. Ó wá wo èmi.

"Ìyá, ṣé mo ti kú ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà rẹ̀ ni. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì fà mí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ gbé fóòmù kan ṣoṣo síta lójú ọ̀sán?"

"Ẹ̀gbin ló kún un. Mo fẹ́ sá a ni."

"Ẹni tó bá ti lọ nìkan là ń gbé fóòmù ẹ̀ jáde lóun nìkan níbí. Gbogbo aláìsàn ló mọ̀ ọ́n. Tí àwọn agbálẹ̀ wa bá fẹ́ sá fóòmù, wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí wọ́n má kó ìkankan. Àwọn èèyàn yìí ti rò pé Baba kú síbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Ta ló ń sọ irú ẹ̀, mà?"

Èmi àti Káfíńtà sáré gbé fóòmù padà wọlé, ó ṣì tutù lápá kan. A tẹ́ aṣọ tó mọ́ lé e. Baba ò gun orí rẹ̀. Ó jókòó sórí àga nítòsí ẹnu ọ̀nà, ó gbé àpò ìtọ̀ rẹ̀ sórí itan. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Kò bínú, ìyẹn ló burú jù. Ó ní, "Ẹ ti fọ̀ mí kúrò níbẹ̀, Ìyá." Ó ní kí wọ́n pe ọmọbìnrin òun wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Ọmọ rẹ̀ ti mú un lọ sílé kí n tó dé. Dókítà bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n fọwọ́ sí ìwé, wọ́n lọ. Wọ́n ti tan iná yàrá iṣẹ́ abẹ, gbogbo nǹkan ń dán. Wọ́n wá gbé àbúrò mi. Ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

"Mi ò lọ."

Mo ní, "O ti gbà. Ìwọ àti Baba lẹ jọ ṣe àdéhùn."

"Ẹni tí mo fẹ́ tẹ̀ lé ti gba ọ̀nà ilé. Kí n wá tẹ̀ lé ta ni?" Ó yíjú sí ògiri. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ tèmi."

Ọjọ́rú, 19

Mi ò lọ síbẹ̀. Mo lọ aṣọ àwọn oníbàárà títí ilẹ̀ fi ṣú, mo jó kọ́là méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Mo wá ilé Baba Aláago lọ. Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni. Aago kún ara ògiri, kò sí méjì tẹ́nu wọn kò. Ó jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ojú rẹ̀ ti pọ́n, àmọ́ ó dá mi mọ̀ kíá. Ó ní kí wọ́n wá àga fún agbẹ̀mí-là òun. Mo ṣáà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ẹ má sunkún, Ìyá. Ẹ ò ṣẹ̀ mí."

"Baba, ẹ jẹ́ ká padà. Màá kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ lórí fóòmù yẹn fúnra mi, níwájú gbogbo wọn."

Ẹ̀rín pa á, ó fọwọ́ di ikùn mú torí ó ń dùn ún. "Ẹ wá di aláìsàn lórí tèmi. Rárá o." Ó wo àwọn aago ara ògiri. "Ṣé ẹ mọ̀ pé èèyàn kì í rí ibi tó máa fi sílẹ̀? Èmi rí tèmi. Irin lásán ni. Àwọn tí mo ń pa lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ yìí, kí n tó dé láti ibi fọ́tò, wọ́n ti ṣàdúrà fún mi, wọ́n ti parí ẹ̀. Tí mo bá padà síbẹ̀, kí ni mo fẹ́ máa bá wọn sọ?"

Mo bi í pé kí ni kí n sọ fún Dírẹ́bà.

"Ẹ ní kó má wẹ̀yìn mi mọ́. Ẹ̀rù ló bà mí, kì í ṣe ọgbọ́n."

Ọmọbìnrin rẹ̀ sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá, mà." Ó ti ti ilẹ̀kùn kí n tó wọ bàtà tán.

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún àbúrò mi ní ìrọ̀lẹ́. Ó gbọ́ ọ. Ó kàn yíjú padà sí ògiri.

Ọjọ́ Ajé, 24

Baba Aláago kú lánàá. Onídìrí ló wá sọ ọ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní rọ́bà ìtọ̀ ló dí, ara rẹ̀ gbóná, wọ́n ń wá ọkọ̀ lọ́wọ́ ló dákẹ́.

"Àìsàn ló pa á o," Onídìrí ní. "Fóòmù ò pa èèyàn rí."

"Mo mọ̀. Àmọ́ fóòmù ló gbé e délé."

Ó jókòó tì mí. Ó bá mi ká aṣọ tó wà nílẹ̀, ó ká wọn tán láìdáa, mi ò tún wọn ká.

Mo ní láti kọ ọ́ síbì kan. Mo fẹ́ kí ibẹ̀ mọ́ ju bí mo ṣe fẹ́ mọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Mo kàn rí ìdọ̀tí ni, mo sì fò mọ́ ọn. Bí mo ṣe wà nìyẹn látilẹ̀, ìyá wa máa ń sọ pé màá gba abọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣì ń jẹun kí n lè fọ̀ ọ́. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí i nínú ilé. Kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Mo padà síbẹ̀. Mi ò mọ ohun míì tí mo lè ṣe.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ gba bẹ́ẹ̀dì Baba. Ọkùnrin kan tí wọ́n gbé wá lánàá yàn láti sùn sórí bẹ́ńṣì. Mo lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹnu ọ̀nà dé òpin, mo ń bi wọ́n pé ṣé kí n gbé fóòmù wọn síta pẹ̀lú ti gbogbo èèyàn. Àwọn kan wò mí tìkà-tẹ̀gbin, wọ́n mọ ẹni tí mo jẹ́. Ẹni tó gbàdúrà lọ́jọ́ náà ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Ẹ gbé tèmi, kí gbogbo wa jọ kú ká jọ jí." Wọ́n bá gbà. A kó gbogbo rẹ̀ jáde, títí kan ti Baba, a tò wọ́n sára ògiri, àwọn tó lè rìn jókòó síta tì wọ́n bí ẹni ń ṣọ́ ẹrù. Àwọn tí kò lè rìn, a tẹ́ aṣọ nípọnnípọn sórí irin fún wọn. Káfíńtà fi irin pẹlẹbẹ ha ọ̀dà lójú fèrèsé, ó ṣí gbogbo wọn. Afẹ́fẹ́ wọlé.

Àbúrò mi nìkan ni kò jẹ́ ká gbé tirẹ̀. Mi ò jiyàn. Mo fọ abẹ́ rẹ̀, mo kọjá.

Ọjọ́bọ̀, 27

Mo ń nu ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde nílẹ̀."

Mo dìde.

"Ilẹ̀ ti mọ́."

"Ó ti mọ́."

"Fèrèsé ṣí."

"Ó ṣí."

"Wọ́n ti fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n ti sá fóòmù. Bẹ́ẹ̀dì Baba ṣófo, kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀." Ó mí sínú, ojú rẹ̀ rọ. "Kí ló wá ń rùn?"

Mo tún mú àkísà, mo ń nu ibi tí mo ti nù.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Èmi ni. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń bú wọ́ọ̀dù wọn. Gbogbo ibi ló ń rùn nígbà náà, mi ò lè yà á sọ́tọ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mi ò rí ẹkún rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí a ti sin ìyá wa. "Ó ti kú lára mi, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń gbé òkú sùn. Ẹ bá mi pe dókítà kí n tó yí ọ̀rọ̀ mi padà."

Mo sáré. Mo da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì nù lẹ́nu ọ̀nà, mi ò nù ún.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Dókítà ní ó ti gun orúnkún kọjá. Òkè orúnkún ni wọ́n máa gé e. Mo bi í pé tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́. Ó wò mí, ó ní, "Màmá, ẹ má bi mí níyẹn." Mi ò tún bi í.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù keje

Òjò rọ̀ lówùúrọ̀, ó dá. Wọ́n gbé e wọlé lẹ́yìn tí dókítà jẹun àárọ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń fi ìbòrí nu ojú. Èmi ò lè jókòó. Iṣẹ́ yàrá iṣẹ́ abẹ bọ́ sọ́wọ́ mi lónìí, Onídìrí ní òun á gbà á fún mi, mo ní rárá. Tí mo bá jókòó, màá ya wèrè. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú mọ́ọ̀pù àti omi tó ní oògùn.

Nígbà tó yá, wọ́n tì í jáde gba ẹnu ọ̀nà kejì. Mo gbọ́ tí dókítà ń sọ pé ó ń mí dáadáa. Nọ́ọ̀sì kan tí mi ò rí rí ṣí ilẹ̀kùn, ó na àpò dúdú kan sí mi, wọ́n ti so ẹnu rẹ̀.

"Màmá, ẹ bá wa gbé èyí lọ síbi tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí. Kẹ́ ẹ wá nu ilẹ̀."

Mo gbà á. Apá mi já wálẹ̀. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ló rí mi láti inú yàrá. Ó sáré jáde, ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀yin ló yẹ kó gbé ìyẹn, mà. Ẹ gbé e wá." Ó sọ ọ́ sí nọ́ọ̀sì náà létí, ojú ọmọ yẹn yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Mo ní ọ̀nà ibẹ̀ ti mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

Mo gba ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù obìnrin, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Mi ò fi ọwọ́ kan ṣoṣo fà á bí a ṣe ń fa àpò ìdọ̀tí, mi ò mọ ìgbà tí mo gbé e mọ́ àyà. Èmi ni mo pọn ọmọ yìí dàgbà, ìyá wa wà lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá fẹ́ kí n sáré, á máa fi ẹsẹ̀ gbá mi níbàdí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló máa ń fi gbá mi. Ọkùnrin tó ń dáná ní kí n jù ú sí orí òkìtì, mo ní ó tì, kó ṣí ojú iná, èmi ni màá fi sí i. Mo dúró títí ó fi jó tán. Ó ní èéfín á ba aṣọ mi jẹ́.

Mo padà, mo nu ilẹ̀ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Mo nù ún bí mo ṣe ń nu ti gbogbo èèyàn, mo fọ mọ́ọ̀pù, mo sá a.

Ó lajú ní ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ wá omi gbígbóná. Ó fi ọwọ́ wá ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, lọ sísàlẹ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ fi bá aṣọ lásán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló gbé e jáde?"

Mo rò ó bóyá kí n purọ́. Mo ní, "Èmi ni."

"Ó wúwo?"

"Ó wúwo."

Ó di ojú, mo rò pé ó ti sùn padà. Ó wá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà."